Bí A Ṣe Lè Ro Ẹjọ́ Etí Wa fún Dókítà

“Dókítà, etí mi ò gbọ́ràn mọ́.” Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tó dókítà í ṣiṣẹ́ lé lórí. Òótọ́ ni pé ó lè tan iná wo inú etí, kó rí i bóyá epo etí ló dí i, bóyá awọ inú rẹ̀ ti lu, tàbí bóyá ó ń ṣọyún. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé inú lọ́hùn-ún ló ti bàjẹ́, níbi tí àwọn irun tíntìntín ti ń gba ìró fún ọpọlọ, iná yẹn kò ní fi nǹkan kan hàn án. Ẹnu yín ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbà tó ti ń ṣe yín. Etí tó ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ṣàdédé di. Bí ẹ bá sùn tí ẹ jí tí etí kan kò gbọ́ràn mọ́, ẹ má fi dọ̀la dọ̀túnla, ẹ má sì rọ àdí sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀fìnkìn ni, wọ́n ń retí kó lọ fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni oògùn tí wọ́n ń lò sí i ń ṣiṣẹ́ jù.

Ẹ sọ irú ohùn tó ń sọnù mọ́ yín létí pẹ̀lú. Ẹni tí ariwo tàbí ọjọ́ orí ti ba etí rẹ̀ jẹ́ sábà máa ń gbọ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀, àmọ́ kì í mọ ohun tí wọ́n wí. Ìró tó tínrín ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Nínú èdè wa, ó lè gbọ́ bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò, síbẹ̀ kó má mọ̀ bóyá “ẹ fọ̀ ọ́” ni wọ́n ní kóun ṣe tàbí “ẹ sọ̀ ọ́”. Bí etí bá ń hó, tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ fi kún un.

Iṣẹ́ yín náà ṣe kókó. Ariwo tó tó ìwọ̀n dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85, tí èèyàn ń gbọ́ fún wákàtí 8 lójúmọ́, lè ba etí jẹ́ bó pẹ́ bó yá. Ẹni tó ń lọ ata, ẹni tó ń la pákó, ẹni tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀ mọ́jú, kó sọ ọ́.

Èyí tí a kì í sábà rántí ni oògùn. Abẹ́rẹ́ gentamicin, èyí tí wọ́n ń pè ní genta, àti streptomycin tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tẹ́lẹ̀, lè pa etí lára. Quinine tó bá pọ̀ jù náà lè mú kí etí máa hó. Bó bá jẹ́ ní kẹ́míìsì àdúgbò lẹ ti gba abẹ́rẹ́, ẹ sọ ọ́ láìtijú. Dókítà kò béèrè kó lè bá yín wí.

Ohun tó ń dùn mí jù lọ ni pé àwọn àgbà wa a máa mi orí fún ohun tí wọn kò gbọ́. Wọ́n á ní “bẹ́ẹ̀ ni, sà”, wọ́n á délé, wọ́n á sì lo oògùn òdì. Ọmọ tó tẹ̀ lé wọn lọ náà á ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, ó ń dáhùn ohun tí wọn kò bi í. Ẹ jẹ́ kí ìyá sọ tẹnu rẹ̀! Kí òun fúnra rẹ̀ ní: “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú sí mi, etí ọ̀tún mi ló sàn.” Ẹ lè ní kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n kọ orúkọ oògùn sílẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ bí ẹ ṣe máa tún ìlànà rẹ̀ sọ fún wọn.

Dókítà lè ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò etí ní ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun, bíi UCH n’Íbàdàn. Wọ́n á fi nǹkan bo etí yín, ẹ ó sì máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ ìró, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ bi wọ́n bóyá èyí tí wọ́n lè fọ̀ ni, tàbí èyí tí iṣẹ́ abẹ lè tún ṣe, tàbí èyí tó gba ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò náà, kí ẹ sì fi pamọ́, torí òun ni wọ́n máa fi wé ti ọdún tó ń bọ̀.