Ohùn kan náà, etí méjì

Ẹ mú tákàdá funfun kan. Ẹ fi bíìkì ya àgbélébùú kékeré sí apá òsì, kí ẹ sì ya àmì róbótó dúdú sí apá ọ̀tún, kí àyè àárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Ẹ di ojú òsì, ẹ fi ojú ọ̀tún tẹjú mọ́ àgbélébùú nìkan, kí ẹ máa fa tákàdá náà súnmọ́ra díẹ̀díẹ̀. Tó bá ku bíi sẹ̀ǹtímítà 30, àmì dúdú yóò pòórá.

Edme Mariotte, onímọ̀ ará Faransé, ló kéde èyí ní ọdún 1668. Níbi tí iṣan ojú ti ń jáde lọ sí ọpọlọ, ojú kò ní ohun tí ó fi ń gba ìmọ́lẹ̀. A ń gbé ihò yìí kiri láti ìgbà tí a ti dáyé, a kò sì mọ̀, nítorí ọpọlọ ń fi àwọ̀ àyíká rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ bí aránṣọ ti ń lẹ aṣọ. Funfun tákàdá ni ẹ rí níbẹ̀. Ojú yín kò rí i rárá.

Etí náà kò yàtọ̀. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni dùndún ń fún wa. Ìyókù ọ̀rọ̀, àwa la fi kún un. Nígbà tí rédíò Nàìjíríà ń fi ìlù ṣí ètò rẹ̀, àwọn ará Ìbàdàn kan gbọ́ ọ pé ìlù náà ń béèrè ẹni tí yóò joyè bí Olúbàdàn bá wàjà! Ìdí nìyí tí àwọn àyàn fi fẹ́ràn òwe àti oríkì: gbólóhùn gígùn tí gbogbo ìlú ti mọ̀ kì í jẹ́ kí olùgbọ́ ṣìnà.

Tí gbogbo ìlú ti mọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan Massè. Ìkókó lè gbọ́ ìyàtọ̀ láàrin ìró èdè tí ẹnikẹ́ni kò sọ nílé wọn; kó tó pé ọmọ ọdún kan, ọpọlọ rẹ̀ á ti máa pa èyí tí kò lò tì. Faransé kì í fi ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Igba, igbá, ìgbà: létí ẹni tí wọ́n fi Faransé nìkan tọ́, ọ̀kan náà ni. Àwọn òbí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìdánwò CEP ń kánjú lásán, lójú tiwa. Faransé ń dúró de ọmọ náà ní ilé ẹ̀kọ́.

Bí onílù bá ń kọjá lẹ́bàá kíláàsì wa, àwọn ọmọ kan á bú sẹ́rìn-ín, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á sì máa béèrè ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé etí àwọn wọ̀nyí di. Díẹ̀ nínú wọn ti ń lọ bá onílù àdúgbò ní ọ̀sán Ọjọ́rú báyìí. Kò yá, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Orúkọ ara wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.