Kì í ṣe oyún nìkan ló ń dá nǹkan oṣù dúró

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá dùn mí. Ẹni tó kọ ọ́ ní ọmọbìnrin tí kò bá rí nǹkan oṣù rẹ̀ ti lóyún, kí òbí tètè fún un lẹ́gba. Ẹgba kẹ̀!

Níbí ní Ẹdẹ, ọmọ tèmi ń kàwé ìdánwò di aago mẹ́ta òru lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, kò rí nǹkan kan. A yẹ̀ ẹ́ wò, kò lóyún.

Ìdí rẹ̀ rèé: ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí ilé ẹyin obìnrin. Tí ìdààmú bá pọ̀, tí oorun ò tó, họ́mọ́ònù tí wọ́n ń pè ní kọ́tísọ́ọ̀lù a pọ̀ lára, iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán a sì dínkù. Ẹyin lè pẹ́ kó tó jáde. Ó lè má jáde rárá, nǹkan oṣù á sì pẹ́ tàbí kó má wá. Àwọn ìyá tó ń jí ní aago mẹ́rin lọ sọ́jà mọ̀ ọ́n lára.

Ọjọ́ 21 sí 35 ló sábà máa ń wà láàárín nǹkan oṣù méjì. Tó bá di oṣù mẹ́ta tí kò wá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ mú ọmọ lọ.

Nígbà tí ìdánwò parí, tí ọmọ mi sùn dáadáa, ó rí tirẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá kan, Ẹdẹ