Ta Ni Yóò Kọ Ìtàn Baga Road?

Àwọn àgbà ní ohun tó bá ń dun ni ní ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ohun tó ń dùn wá ni a mú wá síwájú yín lónìí, kì í ṣe pé a fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà.

Ní ìparí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ tó kọjá, àwa tí ẹgbẹ́ yàn láti bójú tó ìwé ìròyìn yìí lẹ ìkéde mọ́ ògiri pé kí ẹni tó bá ní àròkọ, ewì tàbí ìtàn kúkúrú mú un wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, mẹ́rin péré ni a rí gbà. Méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn tó ni wọ́n sì ní kí a bá àwọn túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí a bi àwọn ẹlẹgbẹ́ wa léèrè ohun tó fà á, àwọn kan ní, "A kò mọ̀ ọ́n kọ." Àwọn mìíràn ní, "Kí ni a fẹ́ kọ? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Maiduguri tó kan Yorùbá?"

Èsì kejì yìí ni ó jẹ́ kí a rántí Baga Road.

Ẹni tí kò bá mọ ohunkóhun nípa Baga Road, yóò mọ ọjà ẹja. Láti adágún Chad, ní ìhà ìlú Baga tó jìnnà sí Maiduguri tó nǹkan bí 200 kìlómítà, ni wọ́n ti ń kó ẹja wá síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ẹja àrọ̀ pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Wọ́n á ká a, wọ́n á yan án gbẹ, wọ́n á tò ó sínú kátọ̀nù, ọkọ̀ akẹ́rù á sì gbé e lọ sí Oníṣà, Ìbàdàn àti Èkó. Ọ̀pọ̀ ẹja kíká tí àwọn ìyá wa fi se ọbẹ̀ fún wa nílé, ọjà yìí ni ó gbà kọjá.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, àwa mẹ́ta lọ ra ẹja níbẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan gbọ́ tí a ń sọ Yorùbá, ó sì pè wá. "Ẹ̀yin ọmọ, ọmọ ibo ni yín?" Àwa ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, obìnrin àárín wa kúnlẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá náà, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń ra ẹja ní ìlú yìí. Ó fún wa ní àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ bí omi adágún náà ṣe ń fà sẹ́yìn. Ó sọ ti ọdún 2009 tí rògbòdìyàn Boko Haram bẹ́ sílẹ̀ ní Maiduguri. Ó sọ ti oṣù kìíní ọdún 2015 tí wọ́n kọlu ìlú Baga, tí oníbàárà rẹ̀ kan tó máa ń fi ẹja ránṣẹ́ sí i wà níbẹ̀, tí òun kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní: "Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ mi wà ní Ìbàdàn. Wọn kò mọ ohun tí ojú mi rí."

Ọ̀kan nínú wa yọ bírò. Bàbá ń sọ Yorùbá, òun ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí òun ni ọwọ́ rẹ̀ yá sí. Nígbà tí bàbá ní kí a ka ohun tí a kọ sí òun létí, a bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ padà sí Yorùbá, à ń kọsẹ̀, à ń wá ọ̀rọ̀. Bàbá fetí sílẹ̀ títí a fi parí, ó sì mi orí. Ó ní, "Ó jọ ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi."

Ẹ̀yin ará, ojú tì wá. A padà sí ilé-ẹ̀kọ́ láì lè wo ara wa lójú.

Irú iṣẹ́ tí bàbá bẹ̀ wá yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọmọ Kanuri kan wà tó ń jẹ́ Ali Eisami, ará Gazir ní ilẹ̀ Borno. Ọmọ alùfáà ni. Nígbà tí ogun àwọn Fúlàní tú ilẹ̀ wọn ká, wọ́n mú un lẹ́rú, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ kan dé òmíràn títí ó fi dé Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dọ̀ àwọn baba ńlá wa. Nígbà tí ogun Àfọ̀njá bẹ́ sílẹ̀ ní Ìlọrin, tí àwọn ẹrú ń sá lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè di òmìnira, ẹ̀rù ba ẹni tó rà á pé owó òun yóò ṣòfò, ó sì tà á sí etí òkun. Ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á sílẹ̀, tí wọ́n sì gbé e dé Freetown ní 1818. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tó jẹ́ ọmọ Jámánì, Sigismund Koelle, jókòó tì í ní Freetown: èyí ń sọ, èyí ń kọ. Ìwé náà jáde ní 1854. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé Koelle kò kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ó tẹ ọ̀rọ̀ Ali Eisami ní Kanuri bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó sì fi ìtúmọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì sí i.

Ẹ bá wa rò ó. Ọmọ Borno sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì wà lákọsílẹ̀ ní èdè tirẹ̀ títí di òní. Àwa ọmọ Yorùbá tí a wà ní ilẹ̀ Borno, níbo ni tiwa wà?

Ilẹ̀ tí a tẹ̀ dó sí yìí pàápàá kì í ṣe ilẹ̀ aláìmọ̀wé. Ní 1576 àti 1578, Ahmad ibn Furtu, ìmáàmù àgbà ní ayé Mai Idris Alooma, fi èdè Lárúbáwá kọ ìtàn àwọn ogun tí ọba náà jà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Borno ṣe rí láyé ìgbà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yà sí. Ìmáàmù ni iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ó wá àyè láti kọ̀wé.

Èyí ni ó mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ pé àwọn kò mọ̀ ọ́n kọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé Ọlọ́run dá òǹkọ̀wé lọ́tọ̀, pé ó jókòó sínú yàrá tó tutù, kò níṣẹ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ kàn ń ṣàn wá bá a. Irọ́ ni. Olùkọ́ ni D. O. Fágúnwà ní Ọ̀yọ́ nígbà tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Amos Tutuola kò kọjá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ló ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó nígbà tí wọ́n gba ìwé rẹ̀ ní London tí ó sì jáde ní 1952. Olùkọ́ ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tó kọ Àjà Ló Lẹrù. Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni ní Yunifásítì Ìbàdàn ní nǹkan bí 1961 sí 1962 nígbà tó kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Òun náà ní ìdánwò níwájú, òun náà ń tò fún oúnjẹ.

Bí ẹ bá sì rò pé ìwé ìròyìn kékeré bíi tiwa yìí kò já mọ́ nǹkankan, ẹ rántí I. B. Thomas. Lẹ́tà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, láti 1929, bí ẹni pé obìnrin kan tó ń ṣàìsàn ló ń kọ ọ́. Àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ló di Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá ní 1930, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kà sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè wa. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa nìyí, àwa fúnra wa sì ti ń gbìyànjú rẹ̀.

Èkíní, ẹ máa kọ díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń kọ ìlàjì ojú ìwé lóòjọ́ yóò ju ẹni tó ń dúró de ìmísí lọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyá oníṣòwò fi ná ọjà, bí òórùn ẹja yíyan ṣe ń lé èrò láàárọ̀.

Èkejì, ẹ máa kàwé. A kò lè fi ahọ́n tí kò tọ́ iyọ̀ wò sọ bí ọbẹ̀ ṣe dùn. Kí á ka Fágúnwà, kí á ka Òkédìjí, kí á ka Adébáyọ̀ Fálétí, kí á wo bí wọ́n ṣe ń tò ó.

Ẹ̀kẹta, ẹ máa fi àmì ohùn sí i. A mọ̀ pé yóò rìn yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n obìnrin ọlọ́jà kan ní Baga Road ní kí ọ̀kan nínú wa bá òun kọ ìwé ránṣẹ́ sílé pé ọkọ̀ òun bàjẹ́ lọ́nà. Ẹni wa kò fi àmì sí i. Nígbà tí ìwé dé ilé, wọ́n kà á pé ọkọ rẹ̀ ni ó bàjẹ́ lọ́nà. Àwọn ẹbí ti fẹ́ máa pe ìpàdé.

Ẹ̀kẹrin, ẹ máa tún un kọ. Ẹ bi àwọn tó ń yan ẹja. Ẹja tí iná kò bá jó dáadáa, kòkòrò ni yóò jẹ ẹ́ kó tó dé Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àròkọ tí a kọ lẹ́ẹ̀kan tí a sì fà kalẹ̀. Ẹ fi han ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kó bá yín wá àṣìṣe, ẹ má bínú sí i.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wá iṣẹ́ tí ẹ ó máa jẹ. Òǹkọ̀wé tí ebi ń pa yóò pa bírò tì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ bí a bá jẹ́ olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí oníṣòwò lọ́sàn-án, tí a sì jẹ́ òǹkọ̀wé lálẹ́.

Àwọn kan yóò ní, "Ta ni yóò kà á? Gbogbo ènìyàn ló ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù báyìí." Òótọ́ ni, ohùn dára. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá bọ́ sómi, ohùn tán. Omi tó ya wọ Maiduguri ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 fọ́ ilé, ó gbé ẹrù lọ. Nǹkan tí a kọ, tí a tẹ̀ ní ẹ̀dà púpọ̀, tí a pín káàkiri, ó ṣòro kí omi kan ṣoṣo tó gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ohun mìíràn tún wà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú yìí ń sọ Hausa àti Kanuri dáadáa, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò lè ka Yorùbá. Bí àwa tí a lè kà á kò bá kọ ohunkóhun fún wọn, kí ni a fẹ́ kí wọ́n kà?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a padà sọ́dọ̀ bàbá ní Baga Road. Lọ́tẹ̀ yìí, Yorùbá ni a fi kọ ọ́, bó ṣe sọ ọ́, tàmì-tàmì. A jókòó, a kà á. Ó dá wa dúró lẹ́ẹ̀mejì: níbì kan a ṣi orúkọ ẹja pè, níbòmíràn ó ní kí a yọ orúkọ oníbàárà rẹ̀ kúrò, nítorí àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì wà láyé. A yọ ọ́. Nígbà tí a parí, kò sọ nǹkankan. Ó gba ìwé náà, ó ká a, ó fi ọ̀rá wé e, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú kátọ̀nù ẹja kan tó ń lọ sí Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Àwọn ọmọ mi á bá a níbẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àbá wa kò pọ̀. Kí olúkúlùkù wa lọ bá àgbàlagbà kan ní Baga Road tàbí ní àdúgbò tirẹ̀ kí sáà yìí tó parí, kó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kó gbọ́ ìtàn kan, kó kọ ọ́ ní Yorùbá, kó kà á sí i létí, kó tún un kọ, kó sì mú un wá fún wa. A ó fi ojú ewé sílẹ̀ fún un. Bí àwọn àgbà yìí bá lọ tán tí a kò kọ nǹkankan, a kò ní lè sọ pé a kò mọ̀.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n, kó má sì jẹ́ kí bírò wa gbẹ.