Kì Í Ṣe Iye Ọjọ́ Lórí Ibùsùn

Olóòtú,

Àpilẹ̀kọ yín lórí àrùn rọpárọsẹ̀ sọ pé ilé ìwòsàn tó bá tètè dá aláìsàn sílẹ̀ ti pa á tì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀, tàbí tí kò lè gbé oúnjẹ mì, gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Stockholm àti Trondheim fi hàn pé ẹni tí tirẹ̀ kò le púpọ̀ lè tètè lọ sílé láìséwu, bí àwọn tó ń kọ́ni ní rírìn àti ọ̀rọ̀ sísọ bá ń bá a délé.

Àìsí irú ìtọ́jú ilé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ bá wí. Òfin ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan ní Nàìjíríà. Ẹ bá wa béèrè pé kí adójútòfò náà máa san owó ìtọ́jú ilé yìí.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.