Supervisor méjì: ta ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe PhD àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ sún mọ́bí. 🧵

Àwọn kan ní supervisor kan ti tó, pé ọba méjì kì í gbé ààfin. Mi ò gbà.

Ẹ wo Òkè-Ògùn wa yìí. Ká ní o fẹ́ ṣèwádìí lórí sányán, aṣọ òkè tí wọ́n ń hun ní Ìsẹ́yìn. Ara ìtẹ́ kòkòrò inú igbó ni wọ́n ti máa ń rí òwú rẹ̀ láyé àtijọ́. Onímọ̀ kòkòrò ò mọ ìtàn ahunṣọ, onímọ̀ ìtàn ò sì mọ ohun tó ń pa kòkòrò. Ta ni ẹnì kan ṣoṣo tó fẹ́ bójú tó o?

Ká má tíì sọ ti japa. Tí supervisor kan ṣoṣo tó o ní bá wọ bàálù lọ Canada ńkọ́?

Àmọ́ wàhálà ẹ̀ ń bẹ o. Ọ̀gá kan á ní kó o yọ Chapter Two, èkejì á ní níbo ni Chapter Two wà. Ìwọ á tún ti Ṣakí wọkọ̀ lọ Ìbàdàn. Òótọ́ ni pé wọ́n ti tún ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ṣe, kìlómítà 65, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ṣì ni owó ọkọ̀.

Èyí tó burú jù ni pé ọ̀kan lè ti kọ́ èkejì níwèé rí. Àbúrò ò ní já ẹ̀gbọ́n ní koro lójú ẹ. Á kàn dákẹ́, á wá pè ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Má dá Prof lóhùn." Ìwọ lo máa gbé ìjà tí wọn ò jà. Ta lo fẹ́ fẹjọ́ sùn? Ọmọ Yorùbá ṣáà ni wá, a ò lè sọ pé "Prof lẹ́yìn yẹn ló ní kí n yọ ọ́, sà."

CARTA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008 tí UI àti OAU sì wà nínú ẹ̀, máa ń kó àwọn tó ń ṣe PhD nípa ìlera jọ sí seminar, níwájú àwọn onímọ̀ láti yunifásítì oríṣiríṣi. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ nìyẹn: gbogbo wọn jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é. Email kan ṣoṣo, orúkọ ọ̀gá méjèèjì níbẹ̀. Ẹ bá pàdé tán, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹnu kò sí, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹni tó máa fọwọ́ sí i gbẹ̀yìn. Tí department bá ní ẹ má dààmú, ẹ tún béèrè kẹ́ ẹ tó san school fees ọdún kejì.