Aṣọ Tí Dọ́káàsì Rán

Bí ènìyàn bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní àkókò ìkórè, tí ó sì gbọ́ bí a ti ń fi gbohùngbohùn kéde orúkọ àwọn tí ó mú owó ńlá wá, tí akọrin ń gberin, tí onílù ń ki olówó ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, tí ẹni tí ó mú ìwọ̀nba tirẹ̀ wá sì ń rọra yọ́ gba ẹ̀yìn lọ jókòó, yóò rò pé bí ohun tí ó ti ọwọ́ ẹni jáde bá ti pọ̀ tó ni ìgbàgbọ́ onítọ̀hún ṣe jinlẹ̀ tó. Èmi kò bá olówó jà. Àdúrà nìkan kọ́ ni ó ń gbé òrùlé ilé Ọlọ́run dúró. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé oore kékeré, èyí tí a ṣe fún ẹni tí ó wà nítòsí, tí a kò sì pe ẹnikẹ́ni wá wò, ni Ìwé Mímọ́ fi ń dá ọmọ-ẹ̀yìn mọ̀, òun gan-an ni àwa sì ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ẹ wo obìnrin ará Jọ́pà nì, Tàbítà tí í jẹ́ Dọ́káàsì. Kò sí ìwàásù kan tí a kọ sílẹ̀ pé ó ṣe, kò sí ìran kan tí a ní ó rí, a kò tilẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ títí tí ìtàn rẹ̀ fi parí. Síbẹ̀ ọmọ-ẹ̀yìn ni Lúùkù pè é, ohun tí ó sì rí sọ nípa rẹ̀ kò ju pé ó lawọ́ sí aláìní, tí ó ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣoore. Nígbà tí ikú mú un lọ, tí wọ́n ránṣẹ́ pe Pétérù láti Lídà, tí àpọ́sítélì náà sì gun yàrá òkè lọ, àwọn opó ni ó bá níbẹ̀ tí wọ́n ń sunkún, tí wọ́n ń na ẹ̀wù àti aṣọ tí olóògbé rán nígbà ayé rẹ̀ sí i. Wọn kò ka ẹ̀kọ́ kankan tí ó kọ́ wọn fún Pétérù. Aṣọ ni ẹ̀rí tí wọ́n ní lọ́wọ́, òun ni wọ́n sì fi jẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tí yóò rán aṣọ fún opó ní láti mọ ibi tí apá rẹ̀ gùn dé, bí ìyà ti mú un rù tó láti ìgbà tí ọkọ ti kú, àti bí èyí tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ ti gbó tó. A kì í dúró lókèèrè ṣe irú oore bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ tiwa náà ti rí i rí. Ní ọdún 1853 ni David Hinderer, ọmọ Jámánì, àti Anna aya rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé. Bí ọkọ ti ń wàásù ni aya ń kó ọmọ jọ sílé, tí ó ń bọ́ wọn, tí ó sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, tí Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Kúrunmí, olórí Ìjàyè tí Ìbàdàn ń bá jà, tí ọ̀nà etí òkun dí, tí owó àti ẹrù kò sì rọ́nà gbà wọlé bí ti àtẹ̀yìnwá, ebi wọ ilé náà. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn ó wọ̀ ọ́. Obìnrin yìí kò sì fi ọ̀rọ̀ dí ebi àwọn ọmọ náà, ẹrù ilé rẹ̀ ni ó ń tà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan agolo bisikíìtì òfìfo, kí ó lè rí owó ẹyọ fi ra oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Daniel Olúbi, tí ó ti wà lọ́dọ̀ wọn, ni ó di òpó ìjọ Ìbàdàn mú nígbà tí wọ́n padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1869. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí ìjọ náà ti ta gbòǹgbò, kí ó má fo agolo wọ̀nyẹn dá.

Àwọn kan yóò bi mí pé kí ni igbá omi kan fẹ́ ṣe fún òùngbẹ odidi ìlú, pé ilé ìwòsàn ni kí Kristẹni kọ́, bí àwọn Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. Òótọ́ ni wọ́n sọ, kí a máa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nílé ìwòsàn yòówù tí a bá gbé aláìsàn dé, ó mọ ìyàtọ̀ láàrin nọ́ọ̀sì tí ó ní “Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́” kí ó tó gún abẹ́rẹ́, àti èyí tí ó ń jágbe mọ́ arúgbó. Ká ríni lókèèrè ká ṣàríyá, ó yóni ju oúnjẹ lọ. Olúwa fúnra rẹ̀, nígbà tí ó ń sọ bí ìdájọ́ yóò ti rí, oúnjẹ, omi, aṣọ, ibùwọ̀ àti àbẹ̀wò ni ó kà. Kò dárúkọ ilé gogoro kankan.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé Ẹgbẹ́ Dọ́káàsì kò ṣọ̀wọ́n nínú ìjọ wa. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ ẹni tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ó rẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ibòmíràn, ara wọn ni wọ́n ń ránṣọ fún: ankárá fún àjọ̀dún, léèsì fún ìkórè, pẹ̀lú gèlè tí ó bá a mu, títí tí opó tí kò rí owó aṣọ ẹgbẹ́ san yóò fi yọ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí ìyá Jọ́pà fúnra rẹ̀ bá yà síbẹ̀ lọ́jọ́ àjọ̀dún, n kò mọ ìjókòó tí wọn yóò fún un.

Ìmọ̀ràn mi kò le. Lọ́dún yìí, kí ẹgbẹ́ tó lọ sí ọjà Gbági lọ yan aṣọ, kí wọ́n kọ́kọ́ wo inú ìjọ fún àwọn ọmọ tí yúnífọ́ọ̀mù wọn ti ya, kí wọ́n rán tuntun fún wọn. Ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí aláìṣe ló rí; nítorí náà kí télọ̀ lọ bá ọmọ nílé wọ̀n ọ́n, kí a má pè é síwájú ìjọ, kí a má sì ya fọ́tò rẹ̀. Bí owó bá ṣẹ́kù, kí wọ́n fi ra gèlè.