A Ra Iṣu Tán, Ẹni Tí Ó Tà Á Mú Ọ̀bẹ Dání

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, bí ẹnìkan bá ra iṣu lọ́jà, tí ó gbé e délé, tí ẹni tí ó tà á sì ránṣẹ́ tẹ̀lé e pé kò gbọdọ̀ gé e fún àwọn ọmọ rẹ̀ àfi bí ó bá ń san owó ọ̀bẹ lọ́dọọdún, kí ni a ó pe irú ọjà bẹ́ẹ̀? Ìrẹ́jẹ ni. Síbẹ̀ irú ọjà yìí ni a ń gbé wá síwájú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, àwa tí a mọ̀wé sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Káàdì GPU ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Òun ni ẹ̀yà tí ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ni àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá gbẹ́kẹ̀ lé. Owó rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí a lè ra ọ̀kọ̀ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà. A lè fi kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣe ilé, kí a dá yàrá púpọ̀ sínú rẹ̀, kí yàrá kọ̀ọ̀kan sì máa ṣiṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀. Virtual machine ni wọ́n ń pe irú yàrá bẹ́ẹ̀. Bí a bá pín káàdì kan fún àwọn yàrá náà, ìpín kọ̀ọ̀kan ni vGPU. Nígbà mìíràn, ńṣe ni wọ́n ń lò ó ní àyípo, bí àwọn aládùúgbò ti ń yípo lórí omi ẹ̀rọ kan. Nígbà mìíràn, ńṣe ni a ń pààlà sí i bí oko. Káàdì A100 tí ilé-iṣẹ́ NVIDIA gbé jáde ní 2020 ṣeé pààlà sí ọ̀nà 7.

Níbo wá ni ìrẹ́jẹ wà? Ẹni tí ó ra káàdì NVIDIA tí ó sì fẹ́ fi vGPU pín in fún virtual machine gbọ́dọ̀ tún gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, èyí tí a sábà ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìwé ìlànà wọn sọ ohun tí yóò bá ẹni tí kò ní àṣẹ: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, agbára ìpín náà yóò dínkù, lẹ́yìn wákàtí 24, àwòrán 3 péré ni yóò máa yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tí sinimá ń lo 24. Káàdì kò bàjẹ́, iná kò lọ. Wọ́n kàn dè é lọ́wọ́ ni. Dọ́là sì ni ìṣirò owó náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti ju 1,500 lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ wo ni owó tí ń wọlé fún un di ìlọ́po mẹ́ta láàárín àkókò náà?

Àwọn kan yóò ní oníṣẹ́ ní láti jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. A kò jiyàn. Ṣùgbọ́n láti 2007 ni ẹgbẹ́ PCI-SIG ti gbé ìlànà SR-IOV jáde, èyí tí ń mú kí ẹ̀rọ kan fi ara rẹ̀ hàn bí ẹ̀rọ púpọ̀. Ní 2016, AMD fi ìlànà yìí ṣe káàdì S7150, tí ènìyàn 16 lè pín lò láìsan owó àṣẹ. Intel ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú káàdì Flex ní 2022. Àwọn wọ̀nyí náà ṣe làálàá, wọ́n sì gba èrè wọn lórí káàdì. Nítorí náà owó ọ̀bẹ kì í ṣe àṣẹ láti ọ̀run. Ìfẹ́ inú ẹni tí ó tà ni.

Àwọn mìíràn yóò ní ìpín ń sọ agbára káàdì di kékeré. Òótọ́ ni, ìpín kì í bí agbára tuntun. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò odindi oko, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í fi gbogbo ọjọ́ ro ó. Àwa tí a bá èsúsú nílé kò ní í kọ́ ọgbọ́n àjọlò lọ́wọ́ àjèjì.

Ní Ìjagun ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ń jẹ́ orúkọ Tai Ṣólàrín wà, èyí tí a sọ di yunifásítì ní 2005. Ọkùnrin náà ni ó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, níbi tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ roko, kí ó má baà dàgbà di ẹni tí ń ṣagbe. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá òkèèrè tí ń di kọ́kọ́rọ́ mú lórí ohun tí a ti sanwó rẹ̀ mu rárá.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde, àti ẹ̀yin olóyè tí ń fi kọ̀ǹpútà ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, ẹ béèrè ohun mẹ́ta kí ẹ tó tú àpò: Ta ni ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀? Èló ni a ó san ní ọdún kẹta? Ǹjẹ́ àwọn ọmọ wa ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Kí àwọn olùkọ́ sì fi KVM kọ́ wọn, ètò virtual machine tí ó wọ inú Linux ní 2007, tí kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ìdáhùn oníṣòwò kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, kí owó wa padà wálé.